Níbo Ni Olùkọ́ Ijó Ti Ń Rí Ijó Tó Ń Kọ́ni?

Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó mọ ijó jó, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu ni pé, "Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn." A ó ní ṣebí ibẹ̀ ni Daddy Showkey olórin galala ti jáde, kí la tún ń retí? Ìyìn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyìn tó ń bu àwọn tó ń fi ijó ṣiṣẹ́ kù díẹ̀ ni. Bí ijó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, a jẹ́ pé kò sí ohun tí olùkọ́ ń kọ́ni, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ sanwó fún un. Èrò kejì tún wà. Ẹlòmíràn á rí oníjó tó dùbúlẹ̀ lórí pèpéle, tó ń yí gbiri láìsí ìlù, á ní, "Ijó òyìnbó lèyí." Èrò méjèèjì yìí, pé ẹ̀jẹ̀ ló ń jó àti pé òyìnbó ló ni ín, ni mo fẹ́ tú wò, kí n lè ṣàlàyé ibi tí àwọn olùkọ́ ijó àti àwọn tó ń to ijó lóde òní ti ń rí ohun tí wọ́n ń lò. Apá Èkó tí Àpápá, Ajégúnlẹ̀ àti Ìgànmú wà ni n ó dúró sí jù, bí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ máa gbé wa dé Ọ̀yọ́-Ilé àti Sẹ̀nẹ̀gàl.

Ta ni atòjó?

Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Olùkọ́ ijó ni ẹni tó ń mú kí ijó mọ́ ọmọ-ẹ̀kọ́ lára. Ó ń wo orúnkún tí kò tẹ̀ tó, ó ń wo èjìká tó le gbagidi, ó ń tún un ṣe títí yóò fi bọ́ sí i. Atòjó, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kọ́ríógíráfà, ni ẹni tó ń pinnu ẹni tí yóò gbé ẹsẹ̀, ìgbà tí yóò gbé e, ibi tí yóò kọjú sí, àti ẹni tí yóò dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí àwọn yòókù bá ń jó. Ní Èkó, ẹnì kan náà ló sábà máa ń ṣe méjèèjì, nítorí owó ọ̀kan kì í tó jẹun.

Ijó tí wọ́n ń pè ní kọ̀ntẹ́m̀pọ́rárì ló máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú jù. Kì í ṣe sítẹ́ẹ̀pù kan pàtó bíi galala tàbí ṣàkú-ṣàkú. Ọ̀nà ìṣiṣẹ́ ni. Ẹni tó ń ṣe é lè mú ijó bàtá, kó mú eré ìdárayá, kó mú ìrìn ojú pópó, kó tilẹ̀ mú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kó tú wọn, kó sì tún wọn tò lọ́nà tí yóò fi sọ ohun kan tàbí tí yóò fi béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń wò. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ méjì tó ń jẹ́ orúkọ yìí fi lè ṣàìjọra rárá. Télọ̀ kò hun aṣọ tó ń rán, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí yóò sọ pé télọ̀ kò ṣiṣẹ́, nítorí ibi tí àlùmọ́gàjí bá gbà ni agbádá fi yàtọ̀ sí bùbá. Bẹ́ẹ̀ ni ti atòjó. Ara àwọn ẹlòmíràn, bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù, bí wọ́n ṣe ń bínú, ni aṣọ tirẹ̀.

Ẹni tó ń wo ìrìn ènìyàn

Iṣẹ́ yìí ti wà tipẹ́ kí orúkọ òyìnbó tó dé bá a. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, àti Richard Lander tó bá a rìn, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú tí wọ́n pè ní Katunga nínú ìwé wọn. Aláàfin ní kí àwọn eléré wá dá wọn lára yá. Eléré kan jáde bí erè ńlá tó ń wọ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òmíràn jáde tí wọ́n kùn ní funfun, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ń ṣe bí ẹni tó ń fín áṣáà símú, ó sì ń rìn tìfura-tìfura bí òyìnbó tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà tó wá ń fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ dídì. Ẹ̀rín pa ará Ọ̀yọ́. Clapperton fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ wo ohun tí eléré yẹn ṣe. Àwọn òyìnbó náà kò tíì pẹ́ nílùú. Ó wo bí wọ́n ṣe ń rìn, ó yọ ohun kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ìyẹn àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń sá fún ilẹ̀, ó sọ ọ́ di ńlá, ó sì fi ìwọ̀n sí i kí ó má baà kọjá ibi tí ẹ̀rín wà. Ìran alárìnjó, àwọn eléré tó ń jó kiri, nìyẹn. Mo rò pé kò sí olùkọ́ ijó kankan lónìí tí iṣẹ́ rẹ̀ ju èyí lọ: kó wò, kó yàn, kó sọ ọ́ di ńlá, kó sì mọ ibi tí yóò ti dá a dúró. Ẹni tó bá sì ń sọ pé ijó tí ọmọ Yorùbá yá lára àlejò kì í ṣe ti Yorùbá mọ́ níláti kọ́kọ́ dá eléré Ọ̀yọ́-Ilé lóhùn.

Ohun tí Ajégúnlẹ̀ fi lé oníjó lọ́wọ́

Ẹni tó bá ti gba Bọ́ńdìrì kọjá láti Ajégúnlẹ̀ sí Àpápá mọ̀ pé ìrìn bíi mélòó kan ni ayé fi yípadà. Apá kan jẹ́ ilé onípásééjì tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ìdílé mẹ́wàá ń lo ẹ̀yìnkùlé kan. Apá kejì jẹ́ èbúté, ilé ìkẹ́rùsí, àti tírélà tó tò bí ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ èbúté ló kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wá. Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo, Isoko, Ìgbò, Haúsá, Ègùn àti àwọn Yorùbá yòókù ń gbé pọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn yìí, nígbà míràn nínú ilé kan ṣoṣo. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan péré, ọmọ ọdún méje lè rí ìsìnkú àwọn Ìjọ̀ ní ọ̀hún, kó rí ìgbéyàwó Ìgbò níhìn-ín, kó sì gbọ́ dùndún níbi ìsọmọlórúkọ lẹ́yìn ilé. Kò sẹ́ni tó pe èyí ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà ti ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Inú irú àdàlù bẹ́ẹ̀ ni galala ti jáde ní àwọn ọdún 1990. Daddy Showkey, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ John Asiemo, tó sì jẹ́ ọmọ Isoko, wà lára àwọn tó gbé e jáde fún gbogbo Nàìjíríà. Baba Fryo àti Daddy Fresh wà níbẹ̀. African China àti Marvellous Benjy tẹ̀lé wọn. Ìró orin náà yá nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ́gẹ̀ Jàmáíkà, pijin ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà nígbà náà pè é ní ijó ọmọ ìta, ijó tí kò ní òfin.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú olùkọ́ ijó wò ó. Orúnkún tẹ̀, ìbàdí wálẹ̀, àyà tẹ̀ síwájú: ọ̀nà tí ara ń gbà lọ sí ìsàlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ijó gúúsù Nàìjíríà nìyẹn, kò sí ohun àjèjì kankan níbẹ̀. Ọwọ́ ká jọ níwájú àyà bí ti ẹni tó fẹ́ ja ẹ̀ṣẹ́. Ojú le. Ẹsẹ̀ wá ń fà, ó ń pààrọ̀ wéré-wéré, síbẹ̀ oníjó kò kúrò ní ojú kan. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an ni àmì ibi tó ti wá. Ijó tí ènìyàn lè jó nínú pásééjì láìkọlu ìkòkò aládùúgbò ni galala. Ilé tó há ló gé e bẹ́ẹ̀. Òfin sì wà nínú rẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá rò pé kò sí, kó gbìyànjú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láìdìde dúró, itan rẹ̀ yóò sọ fún un.

Nípa ti ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ajégúnlẹ̀ kan náà ló bí Odion Ighalo tó gbá bọ́ọ̀lù dé Manchester United, pápá Maracana tó wà níbẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ tirẹ̀, a máa ń rántí pápá, a máa ń rántí iyanrìn àti òòrùn tó fi gbá a. Oníjó nìkan ni a máa ń gbàgbé pé òun náà ní pápá tirẹ̀.

Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀

Ọ̀rọ̀ pápá yìí ṣe pàtàkì ju bí a ti ń rò lọ. Ilẹ̀ tí olùkọ́ ní ló ń pinnu ìdajì ohun tó lè kọ́ni.

Ẹ wo bálẹ́ẹ̀. Ààfin àwọn ọba Yúróòpù ló ti dàgbà, orí pákó ni wọ́n sì ń jó o. Ilẹ̀ pákó tí wọ́n ṣe fún un máa ń rọ̀ díẹ̀, ó máa ń gba ẹsẹ̀ ẹni tó fò sókè nígbà tó bá ń bọ̀. Ní Àjàńgbádì, ní ojú ọ̀nà Badagry, Daniel Owoseni Ajala dá Leap of Dance Academy sílẹ̀ ní 2017. Inú fíìmù Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Save the Last Dance ló ti kọ́kọ́ rí bálẹ́ẹ̀, ó sì kọ́ ara rẹ̀ nípa wíwo fídíò. Ọ̀fẹ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò. Nígbà náà, kò ní ilẹ̀ pákó, kò ní dígí gàgàrà lára ògiri; ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ló ní. Àwọn òbí kan kọ́kọ́ fura sí aṣọ tó fún mọ́ra, àwọn mìíràn bi í pé kí ni ọmọkùnrin ń wá nídìí irú ijó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, fídíò ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, Anthony Mmesoma Madu, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, tàn ká gbogbo ayé. Òjò ń rọ̀, kò wọ bàtà, ó ń yí bírí lórí kọnkéré tó tutù. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn wò ó. Ọdún tó tẹ̀lé e ló wọ Elmhurst Ballet School ní Birmingham. Ọ̀pọ̀ wa ló pe fídíò yẹn ní iṣẹ́ ìyanu. Mo fẹ́ kí a wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kọnkéré kì í gba ẹsẹ̀, ó máa ń dá gbogbo ìwúwo ara padà sí orúnkún àti ẹ̀yìn. Olùkọ́ tó bá gbọ́n tó ní irú ilẹ̀ yẹn yóò dín fífò kù, yóò tẹnu mọ́ ìdúró, ọwọ́, àti yíyí lójú kan, yóò sì kọ́ ọmọ bí a ṣe ń balẹ̀ jẹ́jẹ́ kó tó kọ́ ọ bí a ṣe ń gbéra. Àìní ilẹ̀ ti yí ètò ẹ̀kọ́ padà nìyẹn.

Germaine Acogny ní tirẹ̀ yan ilẹ̀ rírọ̀ tí Ọlọ́run dá. Àjàṣẹ́, tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, ni wọ́n bí i sí ní 1944. Ìyá bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, àwòrò òrìṣà ni. Sẹ̀nẹ̀gàl ni Acogny dàgbà sí, òun ló darí Mudra Afrique ní Dakar láti 1977 sí 1982, lẹ́yìn náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ dá École des Sables sílẹ̀ ní Toubab Dialaw, létí òkun. Ilẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn gbọ̀ngàn ijó ibẹ̀ jẹ́ iyanrìn. Ẹsẹ̀ ń rì nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ara ló níláti ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ara gan-an sì ni gbogbo ẹ̀kọ́ Acogny dá lé. Àwọn oníjó Nàìjíríà wà lára àwọn tó ti gba ibẹ̀ kọjá. Ní 2021, Biennale ìlú Venice fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà nítorí iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Ní Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí, létí ọ̀sà, títì ni pèpéle. Sunday Obiajulu Ozegbe àti Ennovate Dance House rẹ̀ ló dá ọdún ijó kan tí wọ́n ń pè ní Slum Party sílẹ̀ níbẹ̀. Lórí títì, kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn; ọmọdé wà lókè fẹ́ńsì, ìyá oníata wà lápá ọ̀tún, ọ̀kadà fẹ́ kọjá. Kò sẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á yóò kàn bá tirẹ̀ lọ ni. Atòjó tó bá ti kọ́ bí a ṣe ń dá irú èrò bẹ́ẹ̀ dúró ti kọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé.

Ní ti Ìgànmú, tí kò jìnnà sí Ajégúnlẹ̀, ilé ìṣeré orílẹ̀-èdè wà níbẹ̀ láti 1976. Ibẹ̀ ni àjọ̀dún àṣà FESTAC ti wáyé láàárín oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 1977, orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n sì fi ń pe ilé náà láti 2024. Gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ ní ìjókòó bí 5,000. Ìka ọwọ́ tó ń gbọ̀n, tí gbogbo ènìyàn rí lórí títì, kò ní hàn sí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá níbẹ̀, nítorí náà gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ tóbi sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé náà, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Artistes' Village, ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ijó ti ń ṣe ríhásà fún ọdún gbọọrọ, lábẹ́ igi àti lábẹ́ páànù. Ní oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n wó apá kan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìran oníjó kan fi ń ṣe ríhásà nínú kíláàsì ilé-ìwé àti gbọ̀ngàn ìjọ, kó rántí ìyẹn.

Fíìmù Alábà àti ojú fóònù

Kí fóònù tó di ohun gbogbo, ọjà Alábà ni yunifásítì àwọn oníjó kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra àwo fídíò Michael Jackson, You Got Served, Step Up, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á dá a padà, wọ́n á tún un wò títí àwo náà á fi há. Ẹ̀kọ́ ojú fídíò ní ewu kékeré kan tí ẹni tí kò jó rí kì í mọ̀: ẹni tó wà lójú amóhùnmáwòrán kọjú sí ọ, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ́ sí òsì rẹ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ti kọ́ odidi ijó ní òdìkejì láìmọ̀. Ó máa ń pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tuntun ti jáde láti inú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí.

TikTok yàtọ̀. Àwo fídíò fún ni ní ijó ìṣẹ́jú márùn-ún, fóònù sábà máa ń fún ni ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí ènìyàn sì dúró sójú kan nínú férémù tó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí náà ijó ọwọ́ àti ijó òkè ara pọ̀ sí i. Àwọn kan ní fóònù ń pa ijó. N kò gbà. Pásééjì tóóró ló ṣe galala, férémù tóóró náà yóò ṣe tirẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọmọ tó kọ́ ogún ìpèníjà TikTok lè má tíì kọ́ bí a ṣe ń gba àárín ilẹ̀ kọjá láti igun kan dé èkejì.

Bí ijó ṣe ń di odidi

Àwọn kan rò pé atòjó máa ń jókòó, ẹ̀mí á bà lé e, ijó á sì jáde. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè rí bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ òógùn.

Ohun kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó lè jẹ́ orin tí olórin gbé wá, ó lè jẹ́ ìwé. Qudus Onikeku, ọmọ Èkó tó bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ onítàkìtì, tó sì lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ eré sákọ́ọ̀sì ní Châlons-en-Champagne ní ilẹ̀ Faransé, gba ìmísí láti inú The Man Died, ìwé tí Ṣóyínká kọ nípa ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ó fi ṣe ijó My Exile Is in My Head. Nígbà tó padà wálé, ó dá QDance sílẹ̀ ní Èkó, ó kó àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó ijó ojú pópó jọ, wọ́n sì gbé Re:INCARNATION jáde ní 2021. Èrò àwọn baba wa nípa àkúdàáyà àti àtúnwá ló wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Èkó òde òní ló ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni fífi ara wá a. Atòjó á ní kí oníjó máa jó bó ṣe wù ú lórí ọ̀rọ̀ kan: "rìn bí ẹni tó ru sìmẹ́ńtì," "dúró bí kọ́ńdọ́tọ̀ tó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì." Á máa wò. Nínú wákàtí méjì, ó lè mú ìṣẹ́jú kan. Ibi tí àwọn oníjó ti ń fi tiwọn kún iṣẹ́ nìyí, tí orúkọ wọn kì í sì í sábà hàn.

Èyí tí wọ́n bá mú ni wọ́n ń sọ di gbólóhùn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka gbólóhùn ijó ní Èkó, olùkọ́ tó dára sì mọ méjèèjì. Ọ̀kan ni káǹtì: ẹyọ kan dé ẹyọ mẹ́jọ, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Káǹtì dára fún ogún ènìyàn tó fẹ́ gbé ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni ti ìlù. Nínú bàtá, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, oníjó kò ka nǹkan kan. Ó ń gbọ́ gbólóhùn, ó mọ ibi tí gbólóhùn yóò parí sí, ibẹ̀ ni èjìká rẹ̀ yóò ti já. Bí onílù bá fa ọ̀rọ̀ gùn, oníjó náà á fa tirẹ̀ gùn. Ọmọ tó kọ́ káǹtì nìkan máa ń dúró bí igi níwájú bàtá, nítorí ó ń retí ẹẹ́jọ tí kò dé. Ọmọ tó kọ́ ìlù nìkan náà máa ń ya àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú fídíò orin. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi máa ń fi ẹnu lu ìlù nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ni, tí wọ́n á ní "gbà-jà-gbí-jà, pá!" dípò kí wọ́n ka ení, èjì. Ẹnu wọn ń so ọ̀nà méjèèjì pọ̀.

Títò sórí ilẹ̀ ló kàn: ta ni yóò wà níwájú, ta ni yóò ti ẹ̀yìn yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, àtúnṣe, àtúnṣe, títí ara yóò fi mọ̀ ọ́n láìrò ó.

Ẹni tó ń sanwó náà ń to ijó

Bóyá èyí ni a kì í sọ tó. Àwọn tó ń gba olùkọ́ ijó síṣẹ́ wà lára ohun tó ń ṣe é bó ṣe rí. Ilé-ìwé aládàáni ń fẹ́ ijó ìbílẹ̀ fún ayẹyẹ ìparí ọdún, wọ́n sì ń fẹ́ Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ níláti mọ Atilogwu àwọn Ìgbò, Swange àwọn Tiv, Koroso àwọn Haúsá, àti Ekombi àwọn Efik tó ń fi ara ṣe bí ìgbì omi. Mo mọ̀ pé ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà kún tó, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ijó Nàìjíríà ṣe ń pàdé nínú ara ẹnì kan.

Ìjọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó tó ń jó lónìí, ẹgbẹ́ oníjó ìjọ ló ti kọ́kọ́ gun pèpéle. Ibẹ̀ ló ti mọ ríhásà, tó mọ̀ pé a kì í pẹ́ dé, tó sì mọ bí a ṣe ń fi ojú sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún un pé ìbàdí kò gbọ́dọ̀ mì jù. Ààlà yẹn ń bá ọ̀pọ̀ wọn dàgbà, àwọn kan sì ti fi odidi iṣẹ́ wọn dá a lóhùn.

Kaffy oníjó ló yí ojú tí àwọn òbí fi ń wo iṣẹ́ yìí padà jù ní ìran tiwa. Ní 2006, òun ló ṣíwájú àwọn tó jó fún wákàtí 55 àti ìṣẹ́jú 40 tí Guinness World Records fi kọ orúkọ sílẹ̀. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ju ìfaradà lọ. Ó mú ijó wọ ibi ìdárayá, ó mú un wọ ilé-iṣẹ́ àti tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń dárúkọ iye tó ń gbà láìtijú. Láti ìgbà náà ni olùkọ́ ijó ti lè sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé iṣẹ́ ni òun ń lọ, kí ìyá náà má sì fi rẹ́rìn-ín.

Ta ló ni sítẹ́ẹ̀pù?

Àṣìṣe kan kù tó yẹ kí a tún ṣe. A máa ń fún olórin ní ijó: a ní Iyanya ló ni Etighi, Zlatan ló ni Zanku. Ìlú àwọn Ibibio àti Efik ti ń jó Etighi kí Iyanya tó kọ orin Kukere. Ní ti Zanku àti ṣàkú-ṣàkú, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń fi ẹsẹ̀ dárà kí ó tó dé inú fídíò. Olórin fún ijó ní orúkọ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló bí i.

Sítẹ́ẹ̀pù kan ṣoṣo kò ṣeé fi orúkọ ẹnì kan tì mọ́lé. Ohun àjọní ni, bí òwe. Odidi ijó tí ẹnì kan tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yàtọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà Nàìjíríà ka irú rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ tó ń dáàbò bò, ìwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti gbà á sílẹ̀ sórí ohun kan tó ṣeé padà wò. Ọ̀pọ̀ atòjó ni kò mọ èyí, tí wọ́n ń kọ́ ogún ènìyàn ní iṣẹ́ oṣù mẹ́ta láìní ẹ̀dà rẹ̀ kankan lọ́wọ́. Kí wọ́n gbé fóònù kan ka orí àga ní ọjọ́ ríhásà ìkẹyìn, kí gbogbo pèpéle wọ inú rẹ̀, kí wọ́n dárúkọ ẹni tó tò ó àti àwọn tó jó o kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀.